Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ni Orin

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnìkan kọ ọ́ sórí app yìí lánàá pé orin Asake ò ní ìtumọ̀, pé ariwo àti ijó lásán ni. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ń bú u. Mi ò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni mo wà, níbi tí Asake fúnra rẹ̀ ti kàwé, mo sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa bí a ṣe ń wá ìtumọ̀ orin. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹ tètè lọ wá nǹkan jíjẹ sọ́wọ́.

2/
Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹ má baà rò pé mò ń yí yín ká. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: orin Yorùbá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ààbọ̀ ló máa ń sọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa fi ààbọ̀ tó kù sí i, látinú ohun tó mọ̀ nípa ẹni tó ń kọ ọ́, ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, àti àkókò tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí o bá wá da orin sórí ìwé, tí o ń wá ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀ nìkan, ìdajì lo máa rí.

3/
Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òwe yẹn dáadáa. Wọn ò yin ẹni tó ń lù ú. Ẹni tó ń jó ni wọ́n pè ní ọlọ́gbọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n pè ní ọ̀mọ̀ràn. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ wà lọ́rùn olùgbọ́.

4/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ohùn. Gbogbo wa la kọ ọ́ nílé ìwé: dò, re, mí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní orin nínú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ lórin. Olórin tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, kó sì wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó tó fẹ́ yin ọkọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko.

5/
Ìṣòro yìí gan-an ló bá àwọn orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì láyé àwọn ajíhìnrere. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ ní òun ń lọ sókè, orin fà á wálẹ̀. Àwọn bíi Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ tó tẹ̀ lé ohùn èdè wa, wọ́n sì gba àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní àwọn ọdún 1920. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953. Bàbá bàbá Fela ni Ransome-Kuti yẹn o. A máa kan Fela níwájú.

6/
Ó dáa. Ẹ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, kí ẹ gbé e fún ìlù. Dùndún ò ní lẹ́tà, ohùn nìkan ló ní. Bí onílù bá lu ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, lẹ́yìn náà ohùn àárín, kí ló sọ? Ó lè jẹ́ "bàbá mi". Ó lè jẹ́ "ìyá mi". Ó lè jẹ́ "ọ̀rẹ́ mi". Ó tún lè jẹ́ "ìwé mi". Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn kan náà! Ṣùgbọ́n lóde ìnáwó, ta ló ń dààmú? Bí ìyáàlù bá dojú kọ ẹ́, tó ń kì ẹ́, o ti mọ̀ pé oríkì ilé yín ni, torí pé láti kékeré lo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà.

7/
Àlejò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ò gbọ́ ju gbì-gbì-gbì lọ. Ìlù kan náà, etí méjì. Ọ̀kan ń nu omijé, ọ̀kan ń wo aago. Bí àlejò yẹn bá délé, tó ní ìlù náà ò ní ìtumọ̀, ṣé irọ́ ló pa? Kò parọ́. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò kó fi ṣe ìdájọ́ ìlù.

8/
Ìyá mi ń ta àǹkárá ní Odò-Ògbè. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà: orin òwe. Orin òwe ni orin tí obìnrin máa ń fi bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wí láì dárúkọ rẹ̀. Láyé ilé olórogún, ìyálé á máa gbálẹ̀, á máa kọrin nípa adìyẹ àlejò tó ń ṣa àgbàdo tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó á dá a lóhùn láti ìdí ààrò, orin àgbà tí kò lójú àánú. Baálé jókòó láàárín wọn, kò rí ẹjọ́ kankan dá. Ta ni wọ́n bú? Adìyẹ ni.

9/
Mo rí i lọ́jà náà. Oníbàárà kan jẹ ìyá mi lówó, ó sì ti di aṣa tó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan ó gba iwájú. Ìyá mi ò pè é, wọn ò wò ó. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ kan nípa ọjọ́ ìṣirò. Orin ìjọ o! Kò sí òwe kankan nínú rẹ̀ láti ọ̀run wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ ló mọ ìṣirò tí wọ́n ń sọ, àwọn kan sì bá wọn gbe e. Owó náà dé kí oṣù tó parí.

10/
Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ orin yẹn ò yí padà rárá. Ẹni tó ń kọ ọ́, ẹni tó ń kọjá, àti gbèsè tó wà láàárín wọn ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ohun tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń pè ní àmì nìyẹn: nǹkan kan tó dúró fún òmíràn. Adìyẹ dúró fún orogún. Ọjọ́ ìdájọ́ dúró fún ọjọ́ ìsanwó. Ẹni tí kò mọ̀ pé gbèsè wà, orin ìjọ ló gbọ́.

11/
Ẹnìkan á ní: "Ṣé ohunkóhun lè wá túmọ̀ sí ohunkóhun nìyẹn?" Rárá o. Àwọn àmì kan wà tí àwọn aṣáájú wa ti fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó bí wa. Ẹyẹlé ni ẹyẹ ilé, ẹni tí kì í bá onílé jẹun kó wá sá fún un lọ́jọ́ ìṣòro. Ìgbín ni pẹ̀lẹ́, ni ẹ̀rọ̀. Àdàbà ni ìrọ̀rùn àti àlàáfíà. Aṣa pe orin kan ní "Eye Adaba" nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kejì, etí Yorùbá ti mọ irú ojú ọjọ́ tó fẹ́ mú wa wọ̀. O ò lè sọ fún mi pé ọ̀tá ni àdàbà yẹn. Mi ò ní gbà fún ẹ.

12/
Torí náà, odi wà ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn àmì tí a jọ ni wà lápá kan. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orin wà lápá kejì. Àárín méjèèjì ni ìtumọ̀ máa ń gbà kọjá. Nígbà mìíràn ó máa ń kọjá tòun ti agbára débi pé ìjọba á dìde. Mi ò ṣàsọdùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ogunde.

13/
Ní 1964, Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ tó ń jẹ́ "Yorùbá Ronú" jáde, orin sì kún inú rẹ̀. Ìtàn ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dà, tí wọ́n wá sọ sẹ́wọ̀n. Ogunde ò dárúkọ olóṣèlú kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tó jẹ́. Obafemi Awolowo ti wà lẹ́wọ̀n láti 1963. Samuel Ladoke Akintola, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ló wà nípò olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó jókòó síbi eré náà ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

14/
Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ eré Ogunde, pé kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní Ìwọ̀ Oòrùn. Òfin náà wà nílẹ̀ títí di 1966, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n sì mú un kúrò. Ẹ wá bi ara yín: ta ló túmọ̀ eré yẹn? Ìjọba ni! Ẹni tí wọ́n kọrin adìyẹ, tó bá fi ìbínú dìde pé "Èmi lẹ̀ ń bá wí!", ṣebí òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di adìyẹ.

15/
Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ní 1987 ni wọ́n sì fi orúkọ Awolowo pè é. Ojoojúmọ́ ni àwa ọ̀dọ́ ń gba ẹnu géètì yẹn wọlé, tí à ń wá bọ́ọ̀sì, tí à ń pariwo "Great Ife". Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé nígbà tí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, òṣèré kan fi ìtàn ọba sọ ọ́, tí òun náà sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nílé fún nǹkan bí ọdún méjì? Orin òwe máa ń ná èèyàn lówó, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

16/
Fela ní tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. "Zombie" jáde ní 1976: ó fi sójà wé òkú tó ń rìn, tó jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló ń gbé e kiri. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, tí wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì kú ní 1978. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló so ìkọlù yẹn mọ́ orin náà. Ọmọ ọmọ ẹni tó ń wá bí orin ìjọ á ṣe bá ohùn Yorùbá mu ni o. Bàbá àgbà tún ohùn ṣe, ọmọ ọmọ fi í gbé ọ̀rọ̀ tí ìjọba ò lè gbé mì.

17/
Àmì ò sì fi dandan wà nínú ọ̀rọ̀. Lágbájá, òun náà kàwé ní Ifẹ̀ níbí, ó fi aṣọ bo ojú. Orúkọ tó mú gan-an, ẹni tí a ò dárúkọ ni. Mẹ̀kúnnù tí kò sẹ́ni tó ń rí ojú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ni ìbòjú yẹn dúró fún. Bí Lágbájá bá jáde sórí pèpéle, kó má tíì la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú tí eégún ti ń jáde, ṣé ẹ rò pé àwa ò mọ̀ pé ẹni tó bojú lè sọ ohun tí ẹni tó ṣíjú ò lè sọ?

18/
Mo fẹ́ sọ ti ilé wa báyìí. Ẹ fi sùúrù kà á.
Ìlódè ni bàbá mi ti wá. Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni ìyá mi. Ẹ̀yin tó mọ ìlú yìí, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 sun ilé, ó pa èèyàn, ó tú ìdílé ká. Àwọn òbí mi dúró ti ara wọn. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nǹkan tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ò ju ògiri dúdú tí à ń gbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àkàrà.

19/
Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ọkùnrin ń fọ bàtà ilé ìwé lẹ́yìnkùlé, ó ń súfèé. Súfèé lásán o, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ti gbọ́ ọ. Bàbá mi jáde láti inú yàrá. Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀. "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ìyẹn?" Bàbá mi ò pariwo, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Àbúrò mi dárúkọ ọmọ kan. Bàbá mi ní, "Má ṣe é mọ́. Nínú ilé yìí, má ṣe é mọ́ láé." Kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa lálẹ́ yẹn.

20/
Nígbà tí mo dàgbà ni ìyá mi tó sọ fún mi. Orin tí wọ́n fi ń pẹ̀gàn ara wọn nígbà ìjà ni. Mi ò ní sọ ìhà tó ni í. Ìhà méjèèjì ló ní tiwọn. Ẹ wá rántí ohun tí mo sọ nípa ohùn lókè. Súfèé ò ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ digbí. Àbúrò mi gbọ́ orin dídùn. Àwọn òbí wa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òórùn èéfín rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé orin ò ju ariwo lọ, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

21/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí tiwa. Ẹ̀yin tó ń rò pé orin òwe ti kú pẹ̀lú ilé olórogún, kí lẹ̀ ń ṣe lórí status WhatsApp? Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jà lọ́sàn-án. Lálẹ́, o gbé gígé orin kan sókè, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orin ọ̀dàlẹ̀. O ò dárúkọ. O wá ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹẹ̀wá láàárín wákàtí kan bóyá ó ti wò ó. Ìyálé tó ń gbálẹ̀ ni ẹ́ o! Fóònù nìkan ló fi wá gba ipò ìgbálẹ̀.

22/
Ọ̀pọ̀ wa mọ bí a ṣe ń ka ìbínú lórí status. Ojú wa mú síbẹ̀. Ìbànújẹ́ ni a ò mọ̀ ọ́n kà, pàápàá bó bá wọ aṣọ ayọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n sọ èyí, òun ló fún mi láṣẹ. Òṣogbo ni wọ́n ń gbé, olùkọ́ ni wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, àárọ̀ ọjọ́ márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gbé orin ìdúpẹ́ kan náà sórí status wọn. Orin ijó ni, èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń fi yí agbo lọ́jọ́ ìkórè.

23/
Àwọn èèyàn ń kí wọn. "Ẹ kú oríire o!" "Ṣé ọkọ̀ tuntun ti dé ni?" "Àwa náà ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì!" Mo fi han ìyá mi lórí fóònù mi nígbà tí a ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí n tún un fi. Mo tún un fi. Wọ́n béèrè èyí tó wà níbẹ̀ lánàá, mo ní ọ̀kan náà ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí.

24/
"Ìwọ ọmọ yìí, tẹ́tí dáadáa. Níbo ni orin yẹn parí sí?"
Mo gbọ́ ọ. Ó parí kó tó kan ègbè. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gé e ní ojú kan náà: ibi tí lílé ti ń ka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kí agbo tó gbà á pé a dúpẹ́. Orin ìdúpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ò sí nínú gígé tí wọ́n gé.
Ìyá mi ní, "Bí inú ọmọ mi bá dùn, ariwo ló ń pa. Kì í rọra dúpẹ́. Ẹ̀bẹ̀ lèyí."

25/
Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ti wà ní gáréèjì, wọ́n ń wá ọkọ̀ Òṣogbo. Wọn ò pe ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn, wọn ò kí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kàn wó lé wọn láyà. Oyún oṣù márùn-ún ló ti bà jẹ́ lára wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọkọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, wọn ò sì tíì lè la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ìyá mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Èmi ni mo ń ṣílé ìsọ̀.

26/
Mo bi ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn náà: kí ló dé tó fi jẹ́ orin yẹn? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀ gé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá ti fẹ́ dé ibi ègbè, ọwọ́ wọn á kàn dá a dúró, torí ẹnu wọn ò tíì lè gbe e. Ẹ gbọ́ ìyẹn. Olórin fúnra rẹ̀ lè má mọ gbogbo ohun tí orin ń sọ nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́ ọ. Ogójì èèyàn wo status yẹn. Ẹnì kan ló gbọ́ ọ.

27/
Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Asake. Ó kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní OAU, àwo rẹ̀ "Mr. Money With The Vibe" jáde ní 2022. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fò: ó ń gbàdúrà, ó bọ́ sórí owó, ó bọ́ sórí ọmọge, ó tún padà sádùúrà. Ṣé ẹ ti jókòó síwájú olórin fújì rí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn! Inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni fújì ti jáde. Àdúrà, oríkì, ìyangàn, ẹ̀ṣín, gbogbo rẹ̀ ló ń jókòó sínú orin kan láì jà. Ọ̀rọ̀ tó ń fò ní orí ìlà tó ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò mọ ìlà yẹn ló rò pé ó ṣìnà.

28/
Ẹ tún gbọ́ agbo èèyàn tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ní ó kàn fẹ́ kí orin náà kún ni. Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Níbí, ẹnìkan kì í dá gbàdúrà kó dá ṣe àmín. Bí ẹnìkan bá ní òun máa lówó, ìyangàn ni. Bí ogún èèyàn bá bá a gbe e, ó ti di ìwúre. Ẹ lọ sí Lágerè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tí kò ní owó ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ délé, bí wọ́n ṣe ń gbe orin owó yẹn pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ sọ fún mi pé ìyangàn lẹ rí níbẹ̀. Èmi rí àdúrà.

29/
Kékeré kan sí i: ẹ wo àkọlé orin rẹ̀ kan, "Omo Ope". Wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì ohùn. Ojú lè kà á sí ọpẹ́, ó lè kà á sí ọ̀pẹ, ó tilẹ̀ lè kà á sí òpè. Ọ̀nà mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Etí ló máa dájọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi ojú-ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin jáde ṣe adájọ́. Kò ní ohùn, kò mọ ilé ẹni tó ń kọrin, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

30/
Mi ò sọ pé gbogbo orin ló jinlẹ̀ o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdí ni wọ́n wá bá sọ̀rọ̀, wọn ò wá bá orí sọ nǹkan kan. Kò burú, ìdí náà nílò ìtọ́jú 😂. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ pé orin kan ò ní ìtumọ̀, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìyá mi bi láì kàwé lítíréṣọ̀: Ta ló ń kọ ọ́? Ta ló ń kọ ọ́ sí? Kí ló fò, tí kò kọ? Ìkẹta yẹn ló le jù. Ibẹ̀ ni ààbọ̀ kejì wà.

31/
Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. A máa ń fi òwe yẹn gbóríyìn fún ẹni tó gbọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń rán wa. Ẹnìkan nínú àwọn tó wà lórí fóònù rẹ ti sọ ààbọ̀ tirẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fi ìlù bò ó. Lálẹ́ òní, kí o tó fi iná 🔥 dá status kan lóhùn, tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ṣe ẹ́ bákan, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Pè é.

32/
Ó tó báyìí. Ẹ bá mi pín in. Kí ẹ sì sọ orin kan tó jẹ́ pé ilé yín nìkan ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ o, ẹ kàn sọ ẹni tó máa ń kọ ọ́, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń kọ ọ́. Mo ń kà gbogbo rẹ̀.